Ìka Tí Fóònù Kò Mọ̀

Àárọ̀ Sátidé, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Ìsọ̀kún,
Adéṣewà di àtàǹpàkò mi mú
bí ẹni di ẹsẹ̀ adìyẹ tó fẹ́ sá.
"Ẹ tẹ̀ ẹ́ síbí, Bàbá. Ẹ rọra. Ẹ má gún un."
Mo tẹ̀ ẹ́. Fóònù gbọ̀n lọ́wọ́ mi,
ó ní òun ò mọ̀ mí.
Ó fi itọ́ ra á, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún,
a tún un tẹ̀.
Òun ò mọ̀ mí.
Ọmọ ọdún méjìlá gbé ìka náà sójú oòrùn:
"Bàbá, ìlà ọwọ́ yín dà?"

Ìlà ọwọ́ mi wà lára okùn ẹrù.
Ó wà lára ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tí mo gùn
láti Iléṣà dé Ìkàrẹ́, láti Ìkàrẹ́ dé Ọ̀wọ̀,
ìgàn aṣọ mẹ́rin lẹ́yìn, gààrí nínú àpò.
Mo tà láwìn, mo kọ orúkọ sílẹ̀,
oṣù mẹ́ta pé, mo padà.
Ẹni tó bá ní kò sówó,
mo lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kí àkùkọ tó kọ.
N ò bú u. N ò lù ú.
Mo kàn lóṣòó ni,
títí ojú fi tì í níwájú àna rẹ̀.
Orúnkún mi méjèèjì ṣì ń ròyìn rẹ̀ nígbà ọyẹ́.

Ọmọ yìí ò lóṣòó.
Ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ó na ẹsẹ̀ mọ́ ògiri,
ó ń jẹ gúgúrú,
ó ń fọwọ́ kan kọ̀wé sí Ìyá Bọ́sẹ̀dé
tó gba yàrá wa ní Òkèsà,
tí mo ti ń bẹ̀ láti ọdún Àjíǹde:
"Ẹ káàárọ̀ mà. Owó ilé. Nọ́ńbà báńkì Bàbá nìyí."
Ó fi ojú róbótó kan tó ń rẹ́rìn-ín tì í lẹ́yìn.
Gúgúrú ò tíì tán lẹ́nu rẹ̀,
fóònù dún: tíín.
"Ó ti wọlé."
Ó gba ibo wọlé? Mo wo ẹnu ọ̀nà.
Ajá wa pàápàá ò gbó.

Wọ́n ní bí ọmọdé láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó o.
Èmi tí mo faṣọ jẹun mọ̀ pé òótọ́ ni.
Ṣùgbọ́n ta ló ń ra àkísà?
Fóònù ò bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kankan.

Mo gbé ìwé gbèsè mi jáde kí n fi kọ owó náà sí i,
èyí tí aáyán ti jẹ etí rẹ̀.
Ó gbà á, ó ń ya ojú ewé kọ̀ọ̀kan,
ká, ká, ká,
ogójì ọdún mi wọnú fóònù
kí omi ẹ̀kọ tó hó.
Ó dúró níbì kan.
"Bàbá, ta ni Dérónkẹ́ ti Ìkàrẹ́?
Ẹ fagi lé gbèsè rẹ̀, ẹ ò sì kọ pé ó san."
Mo ní kó máa yà á lọ.

Lọ́sàn-án, ó ní òun fẹ́ ra iná sí mítà.
Owó kúrò lọ́dọ̀ wa,
iná ò dé.
Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ.
Ó gbé fóònù sókè lábẹ́ igi ọsàn,
ó gbé e sórí kànga, ó gbé e sórí orí ara rẹ̀.
Nígbà tó sú u, ó gbé e kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn,
ó ká aṣọ mọ́ ẹsẹ̀,
ó lóṣòó síwájú rẹ̀.
Kò bú u. Kò lù ú.
Ó ń wò ó.

Mo rọra wọ́ àpótí mi sún mọ́ ọn.
"Fi gìgísẹ̀ balẹ̀," mo ní,
"àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, á ti rẹ̀ ọ́
kí ó tó san."